Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Àbọ̀ tí Wọ́n Ń Sọ ní Windsor

Ẹni tó bá ti dé ààfin Windsor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti rí ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Long Walk. Ó lé ní kìlómítà mẹ́rin, ó sì tọ́ gbọnrangandan láti ẹnu ààfin títí dé orí òkè tí ère Ọba George Kẹta wà lórí ẹṣin. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ya fọ́tò níbẹ̀. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni ìtàn àbọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ibẹ̀.

Ìtàn náà kì í ju ti ọba àti ti igi lọ: Ọba Charles Kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi elm síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1680, Ọbabìnrin Anne ló la ojú ọ̀nà sáàárín igi náà, wọ́n gé àwọn igi ọ̀hún ní àwọn ọdún 1940 nítorí àrùn, wọ́n sì gbin òmíràn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn dà?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Windsor, òfin ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Lọ́dún 1848, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí ará ìlú ń gbà la ọgbà ààfin kọjá lọ sí Datchet àti Old Windsor, kí ìdílé ọba lè dá wà. Lóòótọ́, wọ́n la ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì kọ́ afárá tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ mọ̀ pé wọ́n lé òun ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1850, ọmọ wa kan wọ ààfin yìí kan náà. Àìná ni, ọmọ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ogun Dahomey ló pa àwọn òbí rẹ̀. Ọba Ghezo fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ nípasẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes. Orúkọ ọkùnrin yìí àti ti ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi bo orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ náà mọ́lẹ̀: Sarah Forbes Bonetta. Wọ́n ti ọ̀nà mọ́ ará ìlú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún èèyàn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn.

Victoria ṣe é lóore, a kò jiyàn. Oore kò ní ká pa ìtàn mọ́. Ẹni tó bá lè ka orúkọ igi tó ti kú kò ní àwíjàre tó bá fo orúkọ Àìná. Àwa náà, bí a bá tún mú ọmọ lọ ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.