TA NI YÓÒ SAN OWÓ ONÍLÙ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́,

Ìbéèrè àtijọ́ kan ni ó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: bí ẹnìkan bá ṣiṣẹ́, tí ẹlòmíràn sì fi iṣẹ́ náà kó ọrọ̀ jọ, kí ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́? Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti tún ìbéèrè náà gbé dìde. Wọ́n ń kó orin tí àwọn ènìyàn fi òógùn ojú wọn ṣe, wọ́n ń fi í kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe orin mìíràn fún títà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tọrọ àṣẹ, wọn kò sì san kọ́bọ̀. A fẹ́ kí ó yé gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni èyí, àti pé ẹni tí kò bá ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn kò ní rí owó náà gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Accra, nítorí pé àwọn ará Ghana ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Ní 1928, àwọn olórin tí a ń pè ní Kumasi Trio, tí Jacob Sam jẹ́ olórí wọn, kọ orin Yaa Amponsah sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ohùn gìtá inú orin náà di ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ háíláìfù. Ní 1990, Paul Simon, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, lo ohùn orin yìí nínú Spirit Voices, tí ó wà nínú àwo rẹ̀ The Rhythm of the Saints. Owó ẹ̀tọ́ wá sí Ghana lórí rẹ̀, nǹkan bí 16,000 dọ́là. Ìjọba ka orin náà sí orin ìbílẹ̀ tí gbogbo ọmọ Ghana jọ ni, owó náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ tí ń mójútó àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 1991.

Òfin ni ó fún Ghana lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1985 ti dáàbò bo orin àti ìtàn ìbílẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2005 fi ẹ̀tọ́ náà sí ọwọ́ Ààrẹ, pé kí ó máa dì í mú fún gbogbo ará ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo orin ìbílẹ̀ kọjá ibi tí òfin yọ̀ǹda dé gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ, kí ó sì san owó. Òfin yìí kò yọ ọmọ Ghana pàápàá sílẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: onígìtá tí a bí ní Accra, tí ó fẹ́ ta orin tí ìyá àgbà rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, yóò kọ ìwé sí ìgbìmọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní òkèèrè, tí ó kó orin gbogbo ayé wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, kò kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni. Òfin 2005 kò sì dárúkọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí i nígbà náà. Òfin tiwa ní Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, náà dáàbò bo orin ìbílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ Ghana kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò sí wa.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọn a kó àìmọye orin tí a ti gbà sílẹ̀ jọ, wọn a sọ ohùn inú wọn di nọ́ńbà, ẹ̀rọ a sì máa kọ́ bí ohùn kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, títí yóò fi lè to ohùn pọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí kò mọ ìlù lù rí lè kọ gbólóhùn kan, kí odidi orin sì jáde kí omi tó hó lórí iná. Ní oṣù kẹfà 2024, Sony, Universal àti Warner pe Suno àti Udio, ilé iṣẹ́ méjì tí ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Nínú èsì tí Suno fi sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́, ó gbà pé orin tí òun fi kọ́ ẹ̀rọ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orin tí ohùn rẹ̀ dára díẹ̀ tí ó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òfin gba òun láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò wọn ní àwáwí kan tí ó dùn létí: wọ́n ní bí ọmọdé ti ń gbọ́ orin kí ó tó mọ̀ ọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ dá wọn lóhùn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ onílù a máa ru ìlù ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde, a máa sìn ín fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba ìyọ̀ǹda, a sì máa dárúkọ ọ̀gá náà títí ayé rẹ̀. Ẹnìkan péré ni, òde kan ni ó lè ṣeré ní alẹ́ kan, ó sì ní ẹnu tí yóò fi jẹun. Ẹ̀rọ kò sin ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó lè ṣeré ní ẹgbẹ̀rún òde ní alẹ́ kan náà, àpò ẹni tí ó ni ín ni owó rẹ̀ sì ń wọ̀. Kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ẹ̀gàn sí gbogbo ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rí.

Ewu náà kì í ṣe àlá. CISAC, tí í ṣe àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà káàkiri ayé, gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù kejìlá 2024. Ó ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ìdá 24 nínú 100 owó tí ń wọlé fún àwọn tí ń ṣe orin ni ó wà nínú ewu títí di 2028.

Àwọn kan yóò ní kí a fi ìjà náà sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gbé orin jáde. Ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù kẹwàá 2025, Universal bá Udio parí ìjà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Warner bá Suno parí tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ilé ẹjọ́ ti jókòó sí ìdí tábìlì kan náà. Wọ́n ní olórin tí ó bá fẹ́ nìkan ni a ó lo ohùn rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ olórin kan ṣoṣo ni ó wà níwájú àwo. Ta ni yóò bi onílù tí ó gba owó ọjọ́ kan ní sítúdíò? Ta ni yóò bi onígìtá, afunfèrè àti àwọn elégbè? Bí kò bá sí aṣojú òṣìṣẹ́ nídìí tábìlì, olówó méjì ni yóò pín ẹran tí òṣìṣẹ́ pa. Ọ̀rọ̀ Yaa Amponsah pàápàá kọ́ wa ní èyí: kí owó dé orílẹ̀-èdè jẹ́ ohun kan, kí ó dé ọwọ́ ẹni tí ń ta gìtá jẹ́ ohun mìíràn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti borí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù àti rédíò ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ wọn, American Federation of Musicians, tí James Petrillo jẹ́ ààrẹ rẹ̀, pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1942. Wọn kò fọ́ ẹ̀rọ kankan, wọ́n kàn kọ̀ láti ṣeré fún gbígbàsílẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ Decca gbà ní 1943. Victor àti Columbia tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá 1944. Wọ́n gbà láti máa san owó lórí àwo tí wọ́n bá tà sínú àpò kan tí ẹgbẹ́ fi ń sanwó fún àwọn olórin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti ṣeré fún ará ìlú. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ GEMA, tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin, pe OpenAI lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ inú orin mẹ́sàn-án, ilé ẹjọ́ ìlú Munich sì dá a láre ní oṣù kọkànlá 2025. Olórin kan ṣoṣo kò lè rí owó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ san.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò ní kí a sun ẹ̀rọ níná. Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

1. Kí a gba àṣẹ kí a tó fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ́ ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe àṣẹ.
2. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ó fi kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ hàn.
3. Kí owó ẹ̀tọ́ dé ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lórí orin, àti onílù àti elégbè, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn.
4. Kí orin ìbílẹ̀ má ṣe di oko aláìlólówó fún ẹ̀rọ.
5. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ ohùn, àwòrán àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú agbanisíṣẹ́.

Ohun karùn-ún yìí kan ìwọ tí o kì í ṣe olórin. Ohùn ẹni tí ń dáhùn tẹlifóònù ní báńkì, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ àti ìròyìn tí akọ̀ròyìn kọ ni a lè fi kọ́ ẹ̀rọ tí yóò wá jókòó sórí àga wọn. Ohun tó ṣe Àbòyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹ ka ìwé yìí sókè ní ìpàdé ẹ̀ka yín. Ẹ mú àdéhùn tí ẹ bá agbanisíṣẹ́ yín ṣe jáde, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó sọ ẹni tí ó ni ohùn yín. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè tí ẹ ó gbé lọ sí ìjókòó tí ń bọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.