Ìwé Kékeré Ni Oníṣirò Owó Àkọ́kọ́

Ní Kamina, nítòsí Atakpamé, àwókù ilé iṣẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn Jámánì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 1911, kí ọ̀rọ̀ lè máa gba ojú òfuurufú lọ láti Tógò dé ìlú wọn. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bà á jẹ́, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń súnmọ́ tòsí. Ní ayé ìjọba wọn, ọkùnrin tí ó ti dàgbà ní láti fi ọjọ́ 12 lọ́dọọdún ṣiṣẹ́ fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó-orí, tàbí kí ó san máàkì 6. Ẹni tí kò ní owó fi ara san án. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ “owó-orí” tí ó fajú ro, ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àná kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò òní. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Kamina, tí ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀, ti di olówò. Kò ní ọ̀gá mọ́ tí yóò máa bá a ronú owó-orí. Iléeṣẹ́ OTR, tí òfin ọdún 2012 dá sílẹ̀ láti máa gba owó-orí àti owó ibodè fún ìjọba, yóò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọn yóò fún un ní nọ́ńbà tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní NIF. Owó-orí tí ó kan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kéékèèké ni TPU. Ó kó oríṣìí owó-orí mélòó kan pọ̀ sójú kan, kí ó lè rọrùn fún ẹni tí òwò rẹ̀ kò tíì tóbi.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ohun àkọ́kọ́ ni láti wá ẹnì kan tí ó mọ ẹnì kan ní iléeṣẹ́ owó-orí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé kékeré àti bírò ni oníṣirò owó àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti mọ ìwé kọ ní èdè rẹ̀, tí ó sì mọ nọ́ńbà, ti ní ohun tí ó tó láti bẹ̀rẹ̀.

Òfin pàápàá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 17, Tógò wà lára wọn, jọ ń lo òfin òwò tí wọ́n ń pè ní OHADA. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 sọ pé kí oníṣẹ́ kékeré tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ máa kọ owó tí ó wọlé àti ibi tí ó ti wá, àti owó tí ó jáde àti ohun tí ó fi ṣe, lójoojúmọ́. Kí ó ya owó ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Kí ó sì pa ìwé náà mọ́ fún ọdún 5, ó kéré tán. Láti ọdún 2018 ni òfin ìṣirò OHADA tún ti la ọ̀nà kúkúrú sílẹ̀ fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 60 séfà nínú òwò ọjà, tàbí mílíọ̀nù 40 nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Báwo ni ìwé náà ṣe rí? Ká ní aránṣọ kan gba 12 000 séfà ní ọjọ́ Ajé lórí aṣọ ilé-ìwé. Ó ra òwú àti bọ́tìnnì ní 2 500. Ó ra èédú áyọ́ọ̀nù ní 500. Ó san 1 000 fún ọ̀kadà. Èyí tí ó kù jẹ́ 8 000, kì í ṣe 12 000. Bí kò bá kọ ọ́, yóò ná 12 000 bí ẹni pé èrè ni gbogbo rẹ̀, owó-orí yóò sì bá a lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá kọ ọ́, yóò mọ iye tí ó lè fi sápò kan lọ́tọ̀ títí ọjọ́ ìsanwó yóò fi pé.

Àwọn kan á ní, “Bí mo bá kọ ọ́, wọn yóò rí i, wọn yóò sì bù ún pọ̀.” Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí ó wà létí títì kò ṣeé fi pamọ́. Ẹni tí kò ní ìwé ni wọn yóò fojú díwọ̀n òwò rẹ̀, kò sì ní ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ẹni tí ó ní ìwé lè ṣí i, kí ó sì sọ pé, “Oṣù tí òjò pọ̀ rèé, ẹ wo ohun tí ó wọlé.” Ìwé kan náà ni yóò gbé lọ bí ó bá fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ kejì.

Bí òwò bá ń tóbi sí i, oníṣirò owó tòótọ́ di dandan. Kí oníṣẹ́ béèrè bóyá orúkọ onítọ̀hún wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin mọ̀, èyí tí ń jẹ́ ONECCA ní Tógò. Kí wọ́n kọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé ẹ̀rí owó-orí tí wọ́n san máa jáde ní orúkọ oníṣẹ́ náà àti pẹ̀lú NIF rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba owó-orí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò mú ìwé ẹ̀rí bọ̀, kì í ṣe oníṣirò.

Owó rẹ̀ lè wọ ẹnì kan lọ́rùn. Àwọn baba mọ àáró: oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dù lọ́la. Aránṣọ, káfíńtà àti olóúnjẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jọ gba oníṣirò kan, kí wọ́n jọ san án. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìjọba náà ní ẹrù tirẹ̀. Faransé ni èdè ìwé ìjọba, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ní èdè rẹ̀ kò yẹ kí ó máa fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ó tọ́ kí iléeṣẹ́ owó-orí túmọ̀ àlàyé TPU sí èdè tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé àti Kamina, kí wọ́n sì mú un dé ọjà. Àwọn baba tí wọ́n fi ara san owó-orí kò ní ẹnu nínú iye tí wọ́n bù fún wọn. Ọmọ wọn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ lè béèrè, kí ó sì rí ìdáhùn gbà.