Kí Transverter Má Baà Jóná

Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Àwa tí a ń fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, tí kì í ṣe fún owó, ni ọ̀rọ̀ mi yìí ń bá wí.

Láti Ìgbògbò níbí, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ lè sọ̀rọ̀ gba orí sátẹ́láìtì Es'hail-2, èyí tí ilẹ̀ Qatar gbé sójú ọ̀run ní 2018. Ṣùgbọ́n 2400 MHz ni a fi ń ké sí i, ọ̀pọ̀ rédíò wa kò sì dé ibẹ̀. Transverter ní í gba 28 tàbí 144 MHz lọ́wọ́ rédíò, tí í sì gbé e ga dé ibẹ̀.

Rédíò tí ń tú 100 wáàtì jáde kò ṣọ̀wọ́n. Transverter mìíràn kò sì lè gba wáàtì kan ṣoṣo. Àwọn kan ní kí á sáà yí agbára rédíò wálẹ̀. N kò gbà. Gbàrà tí a bá tẹ máìkì, agbára lè ta sókè kí rédíò tó ráyè ká a lọ́wọ́ kò, ohun tí a fi owó ńlá rà a sì jóná. Ta ní í fi korobá da ẹ̀kọ sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu?

Èrò tèmi ni pé kí á ṣí rédíò, kí á fa wáyà láti ibi tí agbára ṣì kéré, kí á sì gé iná àwọn transistor ńlá tó kẹ́yìn. Ọwọ́ a máa gbàgbé. Wáyà tí a ti gé kì í gbàgbé.