Ọkọ́ Kì Í Ṣe Pàṣán
Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó lọ roko? Ṣé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́ ni?

Igba ebè ni àwọn baba wa fi ń wọn iṣẹ́ oko, ìṣirò nìyẹn. Orúkọ ewé, àkókò iṣu àti àgbàdo, ẹ̀kọ́ ni. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọn kò gbẹ́yìn. Ohun tiwa kì í fa ọmọ sẹ́yìn.

Oko ilé-ìwé tí àgbẹ̀ àdúgbò yóò ti máa kọ́ wọn ni a fẹ́. Ọmọ tí a fi iṣẹ́ jẹ níyà lónìí ni ọ̀gá tí yóò fojú tẹ́ńbẹ́lú òṣìṣẹ́ lọ́la. Ẹ gbé e dé ìpàdé òbí àti olùkọ́!