Ẹ̀yìn Ihò Ni Iṣẹ́ Wà

Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí iṣẹ́ gẹdú ti jinlẹ̀, kì í dá pákó lu láì fi àjákù igi tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Bí kò bá tẹ́ nǹkan kan, ojú pákó yóò dán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ya yánnayànna, ẹ̀ẹ́rún igi yóò sì yọ ṣóńṣó.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfurufú ń ná owó gọbọi lé lórí. Nínú Boeing 787, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2011, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe irin. Káàbọ́ọ̀nù fáíbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Okùn káàbọ́ọ̀nù tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, wọ́n á fi résìn lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á sì fi ooru mú un le. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ résìn nìkan ló di ìpele kan mọ́ èkejì. Ibẹ̀ ni dírìlì ti ń rí i mú.

Bí ẹnu dírìlì bá ń wọlé, ó lè fa ìpele òkè sókè. Ìgbà tó bá ń jáde ló burú jù. Ìpele tó kù nísàlẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, kò sì sí ohun tó gbé e ró, ni dírìlì bá tì í kúrò lára ìyókù kó tó gé e. Lọ́dún 1990, àwọn olùṣèwádìí méjì, Hocheng àti Dharan, fi ìṣirò hàn pé títì náà ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti pé bí ìpele tó kù bá ṣe ń dín kù ni ìwọ̀n náà ń kéré sí i. Káàbọ́ọ̀nù tún máa ń jẹ ẹnu irin kíákíá. Ẹnu tó bá sì ti kú kì í gé mọ́, ṣe ló ń ha, ooru á mú, résìn á rọ̀.

Àwọn kan á ní kí ni Ìjẹ̀bú fẹ́ fi èyí ṣe, nígbà tí kò sí ẹni tó ń kan bàálù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Fíbàgíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, ìpele òun résìn lòun náà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, láti Abígi dé Ìwopin létí ọ̀sà, orí omi ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹun. Bí ìpele bá ṣí létí ihò bóòtì kan, omi á rí ọ̀nà wọ àárín rẹ̀.

Ó yẹ kí Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tó wà l'Ágo-Ìwòyè láti 1982, àti Pólì Abraham Adesanya n'Íjẹ̀bú-Igbó pe káfíńtà wọ yàrá ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà ò wọ́n: awẹ́ fíbàgíláàsì kan, ìbòmú nítorí eruku tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ihò méjì tó fẹ̀ ní mìlímítà 10, kí wọ́n tẹ́ igi sábẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n má tẹ́ sábẹ́ èkejì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yí i padà, kó fi èékánná ra etí ihò, kó wọn bí ibi tó ya yí ihò ká ṣe fẹ̀ tó, láti etí kan dé èkejì. Bó bá dé mìlímítà 14, kó fi 10 pín in, kó kọ 1.4 sínú ìwé, ìyẹn bí ibi tó ya ṣe fẹ̀ sí ihò fúnra rẹ̀, kó sì bi káfíńtà léèrè bó ṣe máa ń di igi tó ń tẹ́ sábẹ́ mú.