Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àwọn Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin Ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìhà Èkìtì àti Oke-Ero ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rìn láti Osi dé Iloffa lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ará Èkó àti ará Ìlọrin bá ti padà sí ibi iṣẹ́ wọn, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ, tí a ti méje pa nínú rẹ̀, tí ìyá arúgbó kan ṣoṣo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, a kò sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n owó kì í pọn omi, owó kì í sì í kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ láti bèèrè bí ènìyàn ti jí.

Àwọn bàbá wa wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkété inú òwe yìí, inú ihò kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Àwọn ọmọ tiwa ti fi ihò sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn apànìyàn sì ti wọ ààfin Koro ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí wọ́n pa ọba, tí wọ́n sì gbé olorì lọ, dídá gbé inú ilé ti kúrò ní ìbànújẹ́ nìkan, ó ti di ewu.

Àwọn kan wí pé kí a kọ́ ilé arúgbó, kí a gba olùtọ́jú, kí a sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìbéèrè tiwa ni pé, ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ń sọ fún àgbà ìgbà tí yóò jẹun àti ìgbà tí yóò sùn, àgbà ti di ọmọdé níbẹ̀.

Ní High Barnet, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń gbé ilé kan tí à ń pè ní New Ground. Ọdún 1998 ni ìpàdé lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìparí ọdún 2016 ni wọ́n tó kó wọlé. Ibùgbé 25 ni ó wà níbẹ̀: 17 jẹ́ ti àwọn tí ó fi owó ra tiwọn, 8 sì jẹ́ ti àwọn tí kò lówó púpọ̀, tí ń san owó ilé níwọ̀nba. Olúkúlùkù ní ilẹ̀kùn àti ibi ìdáná tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà àti yàrá ìpàdé jẹ́ ti gbogbo wọn. Àwọn fúnra wọn ni ó ń jókòó ṣe ìpàdé, tí wọ́n ń pín iṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe òfin ilé. Àwọn ará Dẹ́nímáàkì ti ń ṣe irú àjọgbé bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1972.

Ọdún méjìdínlógún láti rí ohun tí ó fi ara jọ agbo-ilé! A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àgbàlá kan, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn, ẹni tí ó dàgbà jù sì ni olórí. Ta ni yóò kọ́ wa ní èyí? Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin ara wa jù. Ẹ̀jẹ̀ ni agbo-ilé wa dúró lé. Opó tí kò bímọ fún ilé ọkọ mọ ibi tí wọ́n fi í sí nígbà tí ogún dé. Dálémosú pẹ̀lú mọ ojú tí àwọn aya ilé fi ń wò ó. Àwọn obìnrin Barnet kò bá ara wọn tan. Ṣe ni wọ́n yan ara wọn. Èyí ni a ní láti kọ́, kò sì yẹ kí ó ṣòro fún wa, àwa tí a ní ẹgbẹ́ ìrọ̀gbà. Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù pàápàá kò dúró de ẹbí kí ó tó yan ọkùnrin méje nítorí ọ̀ràn àwọn opó.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ìdílé kan ní Osi àti ọ̀kan ní Iloffa yọ̀ǹda agbo-ilé tí ó ti ń di ahoro. Kí ẹgbẹ́ wa tún òrùlé ṣe, kí a gbẹ́ kànga, kí a mọ odi yí i ká. (Ìlú Areogun, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí òkìkí rẹ̀ kàn kí ó tó kú ní ọdún 1954, kò gbọdọ̀ ṣe aláìní gbẹ́nàgbẹ́nà!) Kí àgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ó yan ara wọn kó wọlé, kí a sì fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Láti inú èésú tí wọ́n bá ń dá ni wọn yóò ti san owó ọmọdékùnrin tí ń pọn omi, àwọn ni yóò gbà á síṣẹ́, àwọn náà ni yóò sì lè dá a dúró. Wọn kì yóò jẹ́ nọ́ọ̀sì fún ara wọn. Bí àìsàn bá le, ọmọ gbọ́dọ̀ wá, kí a sì ti kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ kí ìyá tó gbé ẹrù wọlé.

A mọ̀ pé ojú yóò ti àwọn ọmọ. Wọn yóò wí pé ayé yóò sọ pé àwọn lé ìyá àwọn jáde. Ayé ti rí yàrá méje tí a tì pa náà.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti ilẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè ni ó sì wà lọ́wọ́ yín. Bí olórí ẹbí bá lè gba ilé rẹ̀ padà nítorí ìjà ọdún Kérésìmesì kan, kò sí obìnrin tí orí rẹ̀ pé tí yóò kó ẹrù wá. Kí ìwé àdéhùn náà jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí Ọba fi ọwọ́ sí i, kí gbogbo ọmọ ilé, àti ti ilé àti ti òkè òkun, fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí a tó ra páànù kan.