Àwòṣe Kì í Ṣe Ayédèrú

Níbi àríyànjiyàn tí ẹgbẹ́ wa ṣe láìpẹ́ yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan ti dìde, tí ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí ó ń kan àwòṣe ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ti àwọn Òyìnbó, olè ni, ọmọ ìyá ẹni tí ń tẹ ayédèrú owó sì ni. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ fún mi láyè kí n dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1957, Colin Chapman, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Lotus Seven. Ìjókòó méjì péré ni ó ní. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, páànù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bò ó, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ju nǹkan bí 500 kílógíráàmù lọ. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó-orí lórí ọkọ̀ tí a bá tà ní odindi, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí èyí tí a bá tà ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ẹni tí ó rà á yóò tò fúnra rẹ̀. Kí ni Chapman ṣe? Ó kó ọkọ̀ rẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì tà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé òfin kò gbà á láyè láti fi ìwé bí a ṣe ń tò ó sí i, nítorí náà ìwé bí a ṣe ń tú u ni ó fi sí i, kí oníbàárà kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú! Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, mo kí ọkùnrin náà.

Ǹjẹ́ ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi ń pè ní ojúlówó, nínú gáráàjì oníbàárà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ọkọ̀. Ọwọ́ akọ̀wé báńkì, ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé, ọwọ́ ẹni tí kò di ìdè bóòtù rí, ni ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1973, Lotus fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Caterham, tí ó ń ṣe é lọ ní tirẹ̀. Ní ọdún 1996 ni olùkọ́ kan, Ron Champion, kọ ìwé tí ó fi kọ́ ará ìlú bí wọn yóò ṣe kan irú ọkọ̀ náà pẹ̀lú owó tí kò ju 250 pọ́n-ùn lọ. Ra Ford Escort àlòkù tí ó ti ń dípẹtà. Yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yọ gíà rẹ̀, yọ ààsìlì ẹ̀yìn rẹ̀. Ra irin onígun mẹ́rin tí ihò wà nínú rẹ̀, rẹ́ ẹ bí ìwé ti wí, kí o jó o pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ipa ìwé yìí di ẹni tí ó ní ọkọ̀ eré-ìje. Ta ni wọ́n jà lólè? Ẹni tí ó kan tirẹ̀ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá bi í, yóò sọ fún ọ pé òun ni òun kàn án, yóò sì fi ọwọ́ tí iná ti jó hàn ọ́.

Ọmọ-iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀. Ohun tí ọ̀gá gbẹ́ ni yóò máa wò, tí yóò máa gbẹ́, títí apá rẹ̀ yóò fi mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. A kò pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olè rí.

Ọ̀rẹ́ mi lè sọ pé ilé-ẹjọ́ kò bá mi sọ ọ́. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, gbà pé iṣẹ́ ọnà ni ọkọ̀ Ferrari 250 GTO, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ àwòṣe rẹ̀ di ọjà. Èmi kò bá wọn jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún láti tà, kí ó lọ gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n 36 péré ni wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ yẹn láàárín ọdún 1962 sí 1964, ní ọdún 2018 sì ni wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 48.4 dọ́là. Àwọn olówó kan ṣì ń fi tiwọn sáré, mo gbà. Mélòó nínú wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó kú?

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ibi tí ó ń dùn mí jù. Ní oṣù kejì ọdún 1957, iná jó ilé-iṣẹ́ Jaguar ní Coventry. Ó jó mẹ́sàn-án run nínú ọkọ̀ 25 tí wọ́n fẹ́ pè ní XKSS. 16 péré ni ó kù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: nígbà tí ó di ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò ṣe mẹ́sàn-án tí iná jó, olúkúlùkù ní iye tí ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2014, wọ́n ti ṣe E-Type fífúyẹ́ mẹ́fà, nítorí pé 18 ni wọ́n ní lọ́kàn ní ọdún 1963, tí 12 sì ni wọ́n ṣe. Ní ọdún 2018 wọ́n tún kéde D-Type 25. Wọn kò pe ọ̀kankan nínú wọn ní àwòṣe. Wọ́n ní “ìtẹ̀síwájú” ni!

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe XKSS tuntun? Wọ́n gbé ẹ̀rọ ka àwọn tí ó ṣẹ́kù láti ọdún 1957, wọ́n wọn ibi gbogbo lára wọn, wọ́n sì ṣe òmíràn tí ó jọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni à ń pè ní àwòṣe bí kì í bá ṣe èyí? Ilé-iṣẹ́ ló ni orúkọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ni ó lu páànù. Àwọn tí ó lù ú ní ọdún 1957 ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Bí olówó bá wo ọkọ̀ ṣe ọkọ̀, ìtẹ̀síwájú ni. Bí mẹkáníìkì bá ṣe é, ó di olè.

N kò ní kí a má bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí ó bá kan ṣásì tuntun, tí ó wá lu nọ́ńbà àtijọ́ sí i, tí ó sì tà á bí ẹni pé Shelby fúnra rẹ̀ ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1962, ẹ̀wọ̀n ni kí ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ràn àwọn tí ń lẹ àmì AC mọ́ imú Cobra tí wọ́n fi fáíbà ṣe, àṣejù ni. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ni Cobra tòótọ́, àwòṣe rẹ̀ sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ọ̀rẹ́ mi tó dìde. Ọkọ̀ tí a kàn nílé gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó gun títì, wọn a sì wo bíréèkì, iná, àti bí igun ara rẹ̀ bá mú débi tí ó fi lè ya ẹlẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àkójọ àlòkù tí a kò lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, lẹ́tà Q ni nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé á rí i. Ayédèrú wo ni ó ń gbé àmì bẹ́ẹ̀ kiri síwájú àti sẹ́yìn?

Ẹ rántí orí Olókun ti Ifẹ̀, tí Frobenius rí ní ọdún 1910. Ní ọdún 1949 àwọn onímọ̀ kan sọ pé àwòṣe ni. Láìpẹ́ yìí àwọn mìíràn yẹ irin rẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ pé ojúlówó ni. Orí náà kò yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Àwa ni a ṣíwọ́ wíwò ó nígbà tí wọ́n ní àwòṣe ni.

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ náà, mo bi mẹ́ta nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ pé, bí ọkọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún, ṣé bákan náà ni táyà iwájú méjèèjì ń yí? Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ni méjì nínú wọn. Wọ́n ní bákan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí ó wà nínú kọ́nà gbọ́dọ̀ yí ju ti òde lọ, nítorí òbìrí tirẹ̀ kéré jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà yóò máa fara ha ilẹ̀. Ẹni tí ó kan ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mọ èyí, nítorí pé ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣe é tí kò tọ́, táyà rẹ̀ ni ó sọ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì yìí yóò gba oyè wọn ní ọdún tí ń bọ̀.

Olóòtú ti ṣèlérí pé àyè wà fún ọ̀rẹ́ mi láti fèsì. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa nípa mẹ́sàn-án ti ọdún 2016 yẹn: ojúlówó ni wọ́n, tàbí ayédèrú?